Bẹ́ ẹ ṣe lè wo fíìmù ayé àtijọ́ kẹ́ ẹ sì rí ayé tó wà nínú ẹ̀

Àwọn èèyàn pọ̀ tó fẹ́ràn ayé àtijọ́, tí wọ́n lè máa wo fọ́tò àwọn tó ti kú tipẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n wo fíìmù tí wọ́n yà ní 1900 wọ́n á ní ó ń sú àwọn, kò sọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀ dúdú àti funfun, àwọn èèyàn inú ẹ̀ sì ń sáré bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀. Mo gbọ́ yín. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni ò dáa, tàbí ẹ̀dà tí wọ́n rí wò ni ò dáa, tàbí kẹ̀, àárín fíìmù nìkan ni wọ́n tẹjú mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ni ayé yẹn wà.

Ẹ má lọ bẹ̀rẹ̀ látorí fíìmù oníwákàtí méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ o. Ẹni tó bá ní èyí tó gùn jù tó sì lókìkí jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, bó ṣe máa lé yín sá ló ń wá. Àwọn kéékèèké tí wọ́n ṣe láàárín 1895 sí nǹkan bí 1906 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tó ìṣẹ́jú kan. Kì í ṣe pé ó wù wọ́n kó kúrú bẹ́ẹ̀, fíìmù tó ń wọ inú ẹ̀rọ àwọn Lumière, àwọn ará Faransé tí mo máa tó sọ̀rọ̀ wọn, ò ju nǹkan bíi mítà 17 lọ, ọwọ́ ni ẹni tó ń yà á fi ń yí i, tí fíìmù bá ti tán ó ti tán nìyẹn, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 50.

Louis àti Auguste Lumière, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ilé iṣẹ́ wọn ní Lyon ń ṣe gíláàsì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò, ló fi fíìmù mẹ́wàá han àwọn èèyàn ní December 28, 1895 nínú yàrá ìsàlẹ̀ Grand Café ní Paris, fráǹkì kan ni owó ìwọlé. Ọ̀kan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ò ju àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó ń jáde ní fáktọ́rì lọ. Obìnrin ló pọ̀ jù, ajá kan ń rìn kiri, àwọn kan gun kẹ̀kẹ́. Ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà mẹ́ta ló wà, tí wọ́n yà á lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nínú ọ̀kan ẹṣin kan ló fa kẹ̀kẹ́ ẹrù jáde, nínú òmíràn ẹṣin méjì, nínú ẹ̀kẹta kò sí ẹṣin rárá. Ẹ wá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kẹ́ ẹ wò wọ́n tẹ̀léra. Aṣọ wọn yàtọ̀, òjìji tó wà nílẹ̀ yàtọ̀, ẹ sì máa rí i fúnra yín pé “ẹ jáde báyìí” ni wọ́n wí fún wọn, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti ń tún nǹkan ṣe kí wọ́n tó yà á. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀dà ná torí òun ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Fíìmù kan náà lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́nà ogún, kí méjìdínlógún nínú ẹ̀ jẹ́ ìdọ̀tí, ẹnì kan wà á jáde níbì kan, ẹlòmíì wà á lọ́wọ́ tìyẹn, wọ́n gé orí èèyàn kúrò kó lè kún ojú fóònù, wọ́n ki orin tí kò bá a mu bọ̀ ọ́. Tààràtà ni kẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé àkójọ fíìmù. Library of Congress ní Amẹ́ríkà ní ọ̀pọ̀ tẹ́ ẹ lè wò lọ́fẹ̀ẹ́, Eye Filmmuseum tó wà ní Amsterdam náà ń gbé tiwọn sórí YouTube, BFI (British Film Institute) ní Ìlú Ọba bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, fíìmù tó ti lé ní ọdún 95 kì í ní ẹni tó ni ín lábẹ́ òfin mọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè gbé e síta, tó dáa ni o tí kò dáa ni o.

Ohun kan tún wà nípa Library of Congress tí mo fẹ́ràn gan-an. Ṣáájú 1912 òfin ibẹ̀ ò mọ fíìmù sí ohun tẹ́nì kan lè lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ pé tòun ni, fọ́tò ni òfin mọ̀, làwọn tó ń ṣe fíìmù bá ń tẹ gbogbo fíìmù wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, sórí bébà gígùn jọ̀gọ̀dọ̀ tí wọ́n ká bí ìwé kíká, wọ́n ń fi ránṣẹ́ síbẹ̀ pé fọ́tò nìyí o. Fíìmù gidi wá jóná, ó jẹrà, bébà ò jẹrà. Nǹkan bí 3,000 fíìmù ló tipa bẹ́ẹ̀ wà títí dòní, wọ́n tún bébà yẹn yà padà sórí fíìmù. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ní hóró-hóró díẹ̀ lójú, tí àwòrán rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ má bínú sí i, orí bébà ló ti padà wá sáyé.

Ọ̀rọ̀ sísáré wọn ńkọ́? Àwọn èèyàn ìgbà yẹn ò sáré jù wá lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà, bíi fọ́tò 16 tàbí 18 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹlòmíì á yí i yára jù bẹ́ẹ̀, nígbà tí fíìmù bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní ìparí 1920 sókè wọ́n fẹnu kò sí 24, bí ẹ bá wá fi ẹ̀rọ oní-24 gbé èyí tí wọ́n yà ní 16 jáde, sísáré ló kù. Àwọn ilé àkójọ tó mọṣẹ́ ti ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀dà burúkú, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yí ìyára fídíò padà, kẹ́ ẹ fà á wálẹ̀ sí 0.75. Ẹ máa rí i pé èèyàn tẹ́ ẹ rò pé wèrè ni á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí èèyàn. Ẹ má ṣe é fún fíìmù aláwàdà ṣá, àwọn aláwàdà mọ̀ọ́mọ̀ ń yí i díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yà á kó lè sáré lójú yín, eré ni wọ́n ń ṣe.

Dúdú àti funfun náà, ẹ má gbà á gbọ́ tán. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n rì bọnú aró, búlúù fún òru, àwọ̀ oyin fún inú ilé tí wọ́n tan fìtílà sí, pupa fún iná. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sáàárín fíìmù sọ pé òru ni, olè ń yọ́ wọlé, síbẹ̀ oòrùn ń ràn gbòò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọ̀ búlúù ẹ̀ ló ti bọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn lọ́wọ́ ní fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ilé iṣẹ́ Elisabeth Thuillier ní Paris ló ń kun ti Georges Méliès, ará Faransé kan tó ń ṣe fíìmù, àwọn obìnrin ló kún ibẹ̀, oníkálùkù ló ní àwọ̀ tiẹ̀ tó ń kùn. Fíìmù ìgbà yẹn ò sì mọ pupa, dúdú ló ń rí i, búlúù ló ń rí ní funfun, ìdí tí ojú ọ̀run fi ń funfun láìní ìkúukùu kankan nìyẹn, tí ẹni tójú ẹ̀ búlúù fi ń dà bí iwin. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé aṣọ dúdú ni gbogbo wọn ń wọ̀. Nípa àwọn fídíò tí kọ̀ǹpútà kùn láwọ̀ tí wọ́n sì fi ìró ẹsẹ̀ ẹṣin kún, ó dùn ún wò, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ yẹn àfojúbù ni, ìró yẹn ẹnì kan ló lọ wá a, fọ́tò tí kọ̀ǹpútà fi kún àárín ojúlówó méjì ò sì ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ lè fi í fa ojú ọmọdé mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí, ẹ padà sí èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn.

Wàyí o, wíwò. Ẹ wo fíìmù kan lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́rin lápapọ̀ fún àwọn kékeré yìí. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ kàn wò ó. Lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ gbé kámẹ́rà wá, ẹ má wò ó rárá, bó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni tàbí ọba tó ń kọjá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ wò. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ máa dá a dúró. Ẹ máa wo ẹsẹ̀, ta ló wọ bàtà, irú bàtà wo. Ẹ wo orí, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń jáde láìdé nǹkan, ẹ sì lè fi fìlà mọ ẹni tó lówó yàtọ̀ sí ẹni tí ò ní. Ẹ wo ilẹ̀, ìgbẹ́ ẹṣin. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn tó dáa jù fún èyí lójú tèmi ni fíìmù Mitchell àti Kenyon, àwọn ọkùnrin méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní Blackburn ní Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1900 sí 1913. Àwọn tó ń gbé sinimá káàkiri ọjà àríyá ló ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, wọ́n á gbé kámẹ́rà sẹ́nu géètì fáktọ́rì lásìkò tí òṣìṣẹ́ ń jáde, wọ́n á ya ojú tó bá pọ̀ tó, torí gbogbo ojú tó bá wọnú fíìmù ló máa fẹ́ sanwó wá wo ara ẹ̀. Òwò ni, ọgbọ́n orí ni. Ohun tó wá bọ́ sí wa lọ́wọ́ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò sẹ́ni tó máa kọ ìtàn wọn sínú ìwé kankan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fojú sá fún kámẹ́rà, ọmọkùnrin kan á máa sáré yípo kó lè kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1994 ni wọ́n rí nǹkan bí 800 fíìmù yìí nínú àwọn dúrọ́ọ̀mù irin ní ìsàlẹ̀ ilé ṣọ́ọ̀bù kan, BFI ló sì tún wọn ṣe. Tẹ́ ẹ bá ń wò wọ́n ẹ wo àwọn ọmọdé tó ń jáde pẹ̀lú àwọn àgbà. Ẹ lè rò pé wọ́n wá pàdé ìyá wọn ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn iṣẹ́ ni wọ́n ti ń bọ̀, torí òfin ibẹ̀ gbà nígbà yẹn kí ọmọ ọdún 12 fi ààbọ̀ ọjọ́ ṣiṣẹ́ kó fi ààbọ̀ yòókù lọ síléèwé. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó gbé kámẹ́rà wá torí ọ̀rọ̀ ọmọdé òṣìṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ ló ti wọlé.

Tó bá ti ń wọ̀ yín lára, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ọjọ́ wo ni wọ́n ya èyí, ẹ má gba ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀ gbọ́ kíákíá. Fíìmù kan wà tí wọ́n gbé kámẹ́rà síwájú ọkọ̀ ojú irin ìgboro ní San Francisco, ó ń lọ geerege lórí Market Street títí dé ilé Ferry Building, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé 1905 ni. Akọ̀tàn kan tó ń jẹ́ David Kiehn ò gbà, ó wò ó pé omi òjò wà nílẹ̀ ìgboro, ó lọ ka ìwé ìròyìn ayé ọjọ́un láti mọ ìgbà tí òjò rọ̀ àti ìgbà tí kò rọ̀, ó wo nọ́ńbà ara mọ́tò kan, ó lọ wá ìgbà tí wọ́n forúkọ mọ́tò yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ibi tó já sí ni April 1906, ọjọ́ díẹ̀ péré ṣáájú ìmìtìtì ilẹ̀ April 18 tó wó ìlú náà lulẹ̀, tí iná sì jó o. Àwọn Miles Brothers tó yà á ti fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí New York kí ilẹ̀ tó mì, ló fi yè. Ẹ lọ wò ó báyìí kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé tẹ́ ẹ ń rí yẹn ò ní dé òpin oṣù, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé fíìmù àtijọ́ ń sú èèyàn. Ẹ tún ka mọ́tò inú ẹ̀. Ó dà bíi pé mọ́tò pọ̀ nílùú náà, àbí? Ẹ tẹjú mọ́ wọn dáadáa, mọ́tò kan náà ló ń yípo kámẹ́rà lọ́pọ̀ ìgbà kí ìgboro lè dà bí ibi tọ́wọ́ dí.

Irú iṣẹ́ tí Kiehn ṣe yẹn, ẹ̀yin náà lè ṣe kékeré nínú ẹ̀ nílé. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ kà lára ògiri, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Chronicling America ti Library of Congress nìyẹn tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà. Fún ọ̀rọ̀ fíìmù gan-an, Media History Digital Library kó ìwé ìròyìn àwọn tó ń ṣòwò sinimá jọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ máa rí ohun tí wọ́n sọ nípa fíìmù kan lọ́sẹ̀ tó jáde, kí òkìkí tó bò ó. Ìmúra àwọn obìnrin náà ń sọ̀rọ̀: tí síkẹ́ẹ̀tì bá ń gbálẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Ogun Àgbáyé Kìíní ò tíì dé, tí fìlà bá fẹ̀ bí agbada, ọjọ́ 1910 tàbí ṣáájú ẹ̀ díẹ̀ ló ń tọ́ka sí, tí wọ́n bá gé irun sí etí, tí ẹsẹ̀ ń hàn, 1920 sókè lẹ wà yẹn.

Mo ní mò ń padà bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ títún nǹkan ṣe. Ẹ máa fura. Nígbà tí Edward Keje fẹ́ gorí oyè ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1902, kò sẹ́ni tó máa gba kámẹ́rà láyè nínú ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey, ni wọ́n bá gbéṣẹ́ fún Méliès, ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ sí Montreuil lẹ́bàá Paris, ó kó àwọn òṣèré síbẹ̀, ó ya ìgoyè tí kò tíì wáyé. Ọba wá ṣàìsàn, wọ́n sún ayẹyẹ gangan láti June sí August, fíìmù ìgoyè ti wà nílẹ̀ ń dúró de ọba. Ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ ni fíìmù Ogun Boer, ogun tó wáyé ní South Africa, tí ilé iṣẹ́ Edison ṣe, New Jersey ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti jà á. Ẹ wo bí kámẹ́rà ṣe dúró: tí ìbọn bá ń dún lọ́tùn-ún lósì, tí kámẹ́rà sì dúró wámúwámú sáàárín àwọn tó ń jà, tí ẹni tó kú ṣubú síbi tójú ti máa rí i dáadáa, eré ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn tí gbogbo ayé ń sọ pé àwọn òǹwòran sá jáde nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Lumière ń bọ̀ lójú aṣọ, kò sí ẹ̀rí tó múná dóko fún un, fíìmù ọkọ̀ yẹn ò tiẹ̀ sí lára mẹ́wàá tí wọ́n fi hàn ní Grand Café lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn èyí lẹ lè wá bọ́ sórí àwọn onítàn. Méliès, onídán ni tẹ́lẹ̀, ẹ wo ti ìrìn àjò lọ sínú òṣùpá tó ṣe ní 1902, ẹ wá èyí tó láwọ̀. Ẹ má gbàgbé Alice Guy, obìnrin tó ti ń darí fíìmù fún ilé iṣẹ́ Gaumont láti 1896, púpọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo àwọn baba sinimá kì í dárúkọ ẹ̀. Lẹ́yìn náà Buster Keaton, aláwàdà ará Amẹ́ríkà. Nínú Steamboat Bill, Jr. ti 1928 odindi iwájú ilé wó lu ọkùnrin yìí, ibi tí ihò fèrèsé bọ́ sí gan-an ló dúró sí, ògiri gidi, òun fúnra ẹ̀. Nípa orin, ẹ má bẹ̀rù àtipa á. Dùùrù tàbí ẹgbẹ́ olórin ló máa ń wà ní gbọ̀ngàn nígbà yẹn, ní Japan ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní benshi ló ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tó ń sọ ìtàn náà, oníkálùkù níbi tiẹ̀, kò sí orin kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Tí èyí tí wọ́n fi sí i bá ń bí yín nínú ẹ pa á, kẹ́ ẹ fi tiyín sí i. Tẹ́ ẹ bá lágbára àtirìnrìn àjò, ìlú Pordenone ní Ítálì ń ṣe ọdún fíìmù aláìsọ̀rọ̀ ní October lọ́dọọdún, pẹ̀lú olórin lójúkojú.

Ó ku ohun kan, torí ẹni tó bá ti ń nífẹ̀ẹ́ sí nǹkan báyìí á pẹ́ á yá á rí agolo fíìmù àtijọ́ rà tàbí kó bá a nínú ẹrù ẹnì kan. Nínú fíìmù alárinrin gígùn tí Amẹ́ríkà ṣe kí fíìmù tó máa sọ̀rọ̀, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti sọnù pátá, nítorí náà agolo yẹn lè ṣe pàtàkì. Ní Dawson City ní Kánádà ní 1978, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti wú àwọn rọ́ọ̀lù fíìmù tó lé ní 500 jáde, wọ́n ti fi wọ́n dí kòtò odò ìwẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ó lè pa yín. Nitrate ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ fíìmù mìlímítà 35 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1950 sókè, ó ń gbiná kíá, tó bá sì ti gbaná omi ò lè pa á torí òun fúnra ẹ̀ ló ń pèsè afẹ́fẹ́ tó fi ń jó. Ẹ wo etí fíìmù, tí wọ́n bá kọ SAFETY sí i ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ mìlímítà 16 tàbí 8 kì í sábà jẹ́ nitrate. Tó bá jẹ́ 35, tó ń lẹ̀ mọ́ra, tó ń rùn, tó ti ń di lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ilẹ̀, ẹ má tú u, ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ, ẹ má tan iná tàbí mu sìgá nítòsí ẹ̀, ẹ gbé e síbi tó tutù tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, jìnnà sílé, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí ilé àkójọ fíìmù tó bá sún mọ́ yín. Ẹ ya fọ́tò agolo àti ohun tí wọ́n kọ sí i ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ má gbé e lọ sílé ìfìwéránṣẹ́ o, ẹrù eléwu ni wọ́n kà á sí, àwọn ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa wá gbé e.